BigInt kì í wo nọ́ńbà tó ti bàjẹ́ sàn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Mo ń ṣe ètò orí fóònù kan fún àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ níbí. Nọ́ńbà rìsíìtì wọn gùn, ẹyọ 17 ni. Server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìsọfúnni ti ń wá, fi 12345678901234567 ránṣẹ́, àmọ́ 12345678901234568 ló ń jáde lójú fóònù. Ẹni tó kọ́ mi ní JavaScript, èdè tí mo fi ń kọ ètò náà, ní kí n fi BigInt, irú nọ́ńbà rẹ̀ tó wà fún nọ́ńbà gígùn, wé gbogbo nọ́ńbà, títí kan owó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò yí padà. Library wo, ìyẹn kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀, ló lágbára ju BigInt lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò, má wá library tó lágbára ju BigInt lọ kiri. BigInt kò ṣẹ̀ ọ́. Nọ́ńbà rẹ ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ló ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àkúrẹ́ láàárín oṣù méjì, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n sì gbà fún gbogbo wọn: “Fi BigInt wé e, ó ti parí.” Ó ń bí mi nínú, torí àwọn tó ń sọ ọ́ ń gbowó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọn kò sì dán an wò rí.

Wo bó ṣe rí. Nọ́ńbà lásán nínú JavaScript kì í gbà ju 64 bit (àyè kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan) lọ, 53 péré nínú rẹ̀ ló sì wúlò fún kíka nọ́ńbà tó pé. Láti oókan títí dé 9007199254740991, kò sí èyí tó máa sọnù. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fo. Fi wé òṣùwọ̀n kòkó tí ojú rẹ̀ jẹ́ kílò méjì-méjì: àpò tó wọn 63, o máa kọ 62 tàbí 64 sílẹ̀, kò sí ojú tí wàá fi rí 63. Ibi tí rìsíìtì rẹ wà gan-an nìyẹn, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì nìkan ló lójú níbẹ̀.

Ní báyìí, ṣí console browser rẹ, ibi tí a ti ń dán kóòdù wò, kí o tẹ BigInt(12345678901234567). Ohun tó máa jáde ni 12345678901234568n (n ẹ̀yìn rẹ̀ ni àmì BigInt). Kí ló fà á? Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú àkámọ́ bíi nọ́ńbà lásán, ibẹ̀ ló ti di 568, ẹ̀yìn náà ló wá gbé e fún BigInt. BigInt sì tọ́jú 568 náà tinútinú. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú àmì àyọlò, BigInt("12345678901234567"), wàá rí 567 gẹ́lẹ́. Ohun kan náà ni JSON.parse, iṣẹ́ JavaScript tó ń túmọ̀ ìsọfúnni, ń ṣe sí ọ: bó ṣe ń ka ìsọfúnni tí server fi ránṣẹ́ ló ti ń ba nọ́ńbà jẹ́. Bí o bá fi BigInt wé e lẹ́yìn ìyẹn, omi ti dà sílẹ̀.

Ohun tó ń kó mi láyà sókè nìyí. Rìsíìtì tó parí sí 567, 568 àti 569, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa di 568. Àgbẹ̀ mẹ́ta, nọ́ńbà kan. Bàbá kan á wá gba owó kòkó rẹ̀, orúkọ ẹlòmíì ni wọn á bá níwájú nọ́ńbà náà. Ta ni wọn á pè lólè?

Nítorí náà, sọ fún ẹni tó ń bójú tó server kó fi nọ́ńbà rìsíìtì sínú àmì àyọlò, kí ìwọ náà sì fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Ta ló ń ro rìsíìtì méjì pọ̀? Ohun tí a kì í fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà fóònù àti ti àkáǹtì báńkì náà rí bẹ́ẹ̀, òdo iwájú wọn á já bọ́. Bí server náà kò bá sí lábẹ́ àṣẹ yín, lo library json-bigint dípò JSON.parse, kí o sì tan storeAsString nínú rẹ̀, kó lè fi nọ́ńbà gígùn sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀.

Ní ti owó, kọ́bọ̀ ni kí o máa fi kà á. Nọ́ńbà lásán á gbà ju tírílíọ̀nù 90 náírà lọ tí kọ́bọ̀ kan ò ní sọnù, gbogbo kòkó Oǹdó kò tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi BigInt ṣe é, 7n / 2n á fún ọ ní 3n, ìyókù á pòórá. Kì í gba ìdajì, kì í jẹ́ kí o rò ó pọ̀ mọ́ nọ́ńbà lásán, JSON.stringify, tó ń múra ìsọfúnni sílẹ̀ fún fífi ránṣẹ́, náà á sì kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ ni irú kọ́kọ́rọ́ ààbò 2048 bit, tí gígùn rẹ̀ tó ẹyọ 617.

Mi ò tíì rí kóòdù rẹ o, torí náà ṣe ẹ̀dà database, ibi tí ẹ ń kó ìsọfúnni pa mọ́ sí, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, orí ẹ̀dà náà sì ni kí o ti kọ́kọ́ dán an wò. Èyí tí fóònù ti fi pamọ́ ní 568, kò sí kóòdù tó lè sọ bóyá 567 ni tẹ́lẹ̀. Inú ìwé rìsíìtì ni wàá ti wá a. Àmọ́ kò dìgbà tí o bá yẹ gbogbo rẹ̀ wò: níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà yín kò bá tíì kọjá 18014398509481984, èyíkéyìí tí kò ṣeé pín sí méjì nínú database kò bàjẹ́, torí èyí tó bá bàjẹ́ máa ń di èyí tó ṣeé pín sí méjì. Àwọn tó ṣeé pín sí méjì ni kí o kó lọ bá ìwé, kí wọ́n sì dá owó tó bá wà lórí wọn dúró títí wàá fi parí.