Ẹ dá èsì padà kí ẹ tó tún béèrè

Ẹ ní ẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì, pé bí ẹ bá ti gbé ìwé ìbéèrè dé abúlé, àwọn àgbẹ̀ á ní àwọn ń lọ sóko, ẹ sì ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe ògbufọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn èèyàn wa ò kórìíra ìwé o. Ẹ kì í dá èsì padà fún wọn ni.

Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn kan wá láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tó jìnnà sí Kétu. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò. Wọ́n wọn oko, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n bi àwọn obìnrin ní iye tí wọ́n ń rí lórí gàrí. Àwọn obìnrin náà ń se oúnjẹ fún wọn, wọ́n ń pọn omi fún wọn, ẹ sì mọ bí omi ṣe ń wọ́n wa tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Nígbà tó di ọdún kejì, àwọn mìíràn tún dé láti ibẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ìyá kan tó ń yan gàrí ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tó bu yẹ̀pẹ̀ oko mi léṣìí, kí ló rí níbẹ̀?" Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ léṣìí kó dáhùn. Ojú tì mí dọ́ba.

Mo sọ fún olùkọ́ wọn pé n ò ṣe mọ́ àfi bó bá wá jíṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó wá. Abẹ́ igi ló jókòó sí, ó ń sọ ọ́ ní Faransé, mò ń tú u sí èdè Kétu: ilẹ̀ ti ṣá, ẹ gbin wèrèpè. Ariwo ta! Ta ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gbin ohun tó ń yún ni? Ó yọ èso rẹ̀ nínú àpò, ó fi ra apá ara rẹ̀ níwájú gbogbo wa. A dúró, a ń wò ó. Kò họ ara. Irú èyí tí kì í yún ni ni.

Ó ní nígbà tí àwọn olùwádìí gbé e dé agbègbè Mono, ní gúúsù Benin, ní nǹkan bí 1987 sí 1988, torí kí ilẹ̀ lè lọ́ràá ni. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé ó ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀ pa, ohun tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ gbà á nìyẹn. Orúkọ ẹ̀kan ló jí àwọn obìnrin wa. Koríko yẹn, gbòǹgbò rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ó ń gún iṣu nínú ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà gidi ti wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní wèrèpè á gba oko lásìkò òjò àrọ̀kúrò tó yẹ kí wọ́n gbin ẹ̀pà, bẹ́ẹ̀ èso rẹ̀ ò ṣeé sè jẹ bí ẹ̀wà. Àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ tún ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, onílẹ̀ á gbà á. Olùkọ́ ò ronú kan ìyẹn rí. A pe àwọn onílẹ̀ síwájú baálẹ̀, a fẹnu kò sí iye ọdún tí wọn ò ní gba ilẹ̀ padà, a sì gbin wèrèpè sáàárín àgbàdo níbi tí ẹ̀kan ti gbà nìkan. Àwọn obìnrin fúnra wọn ló yan ibẹ̀.

Ẹ máa mú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ méèrì, olórí ìjọba ìbílẹ̀, lọ, ó yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwé yẹn ò lè mú ẹnikẹ́ni dá yín lóhùn. Ẹ má sì lọ lọ́jọ́ ọjà.

Tí àbájáde ìwádìí èṣí bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ọ́ sójú ewé kan, kí ẹ gbé e lọ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, torí bó bá ti dé, ẹ ò ní bá ẹnì kan nílé. Bí ẹ bá nílò ẹni tó máa tú u sí èdè wa, ẹ kàn sí mi.