Ìdí Tí Ẹni Tí O Fi Èédú Yà Fi Dà Bí Ère

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ èsì yìí. O ní ó ti pé ọdún mẹ́ta tí o ti ń fi èédú ya àwòrán láti inú fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé àwọn ènìyàn a máa rò pé fọ́tò ni iṣẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí o ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ dúró síwájú rẹ kí o yà á láti orí dé ẹsẹ̀, ohun tí ó jáde dà bí ère tí wọ́n gbé ti ògiri. O wá béèrè bóyá èédú tí o ń lò ni kò dára. Kì í ṣe èédú. N óò dé orí èédú náà láìpẹ́, nítorí pé èmi náà ti fi owó ṣòfò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà wà.

Fóònù ti bá ọ ṣe ìdajì iṣẹ́ kí o tó mú èédú lọ́wọ́. Ojú kan ṣoṣo ni kámẹ́rà fi ń wo ènìyàn. Ó ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó ti pinnu ibi tí òkùnkùn parí sí àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó wà nínú fọ́tò kò sì ní mí, kò ní yí ẹsẹ̀ padà, kò ní rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó dúró síwájú rẹ ń mí, ojú méjì ni o fi ń wò ó, ó sì wúwo. Ìwúwo yẹn ni kò sí nínú àwòrán rẹ, kò sì sí nínú tèmi náà fún ọdún bíi mélòó kan.

Iṣẹ́ pátákó ni mo kọ́ ní Ọ̀yọ́. Orí àti ọrùn ni mo máa ń yà fún àwọn onígbàjámọ̀, títí àwọn tí ń tẹ flex fi dé tí iṣẹ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Nítorí pé àwòrán ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kì í kọjá èjìká, n kò mọ̀ pé n kò mọ ara ènìyàn yà. Nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀, mo mú pákó àti bébà, mo lọ jókòó lọ́dọ̀ bàbá kan tí ń fín igbá nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Ìrọ̀lẹ́ márùn-ún ni mo fi yà á. Ní ìrọ̀lẹ́ karùn-ún, bàbá ní kí n gbé e wá kí òun wò ó. Ó wò ó títí, ó ní, “Èyí kò jókòó. O kàn gbé e lé àpótí ni.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún fi ojú mi wò ó, mo rí i pé òtítọ́ ni. Ìdí òsì ni bàbá gbé ara lé. Ẹran itan rẹ̀ fẹ̀ sórí àpótí níbi tí ó ti kàn án, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ń ti igbá kí ó má baà yí, èjìká ọ̀tún sì ga ju ti òsì lọ nítorí ọwọ́ tí ń ti ọ̀bẹ. Èmi ti ya àpótí, mo ti ya bàbá, ohun méjì tí ó wà nítòsí ara wọn lásán. N kò ya bí ọ̀kan ṣe ń ru èkejì.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá dúró síwájú rẹ, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ojú rẹ̀. Wo ilẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé ẹsẹ̀ wo ni ó ń ru ú. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn gbé ara lé ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gbadọ́gba, àfi ṣọ́jà tàbí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń bá wí. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó ń rù ú, ìbàdí ọ̀tún yóò gòkè, èjìká ọ̀tún yóò sì rẹ̀ sílẹ̀ láti bá a pàdé, tí egungun ẹ̀yìn yóò fi tẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Orúnkún òsì yóò dẹ̀, yóò sì yọ síwájú díẹ̀. Bí o bá ti ya èjìká tí ó tẹ́ tòò àti ìbàdí tí ó tẹ́ tòò, ère ni o ti yà, bí o tilẹ̀ kó gbogbo irun ojú rẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ dájú kò ju okùn kan lọ. Àwọn bíríkìlà máa ń so irin kékeré mọ́ ìdí okùn láti mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Èmi so nọ́ọ̀tì irin mọ́ òwú, mo sì ń nà án síwájú ojú mi, kí òwú náà gba kòtò ọ̀fun ẹni tí mo ń yà kọjá wá sí ilẹ̀. Bí ó bá ń fi ẹsẹ̀ kan ru ara rẹ̀, òwú náà yóò bọ́ sí ọrùn-ẹsẹ̀ yẹn tàbí nítòsí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Bí kòtò ọ̀fun bá ti kúrò lókè ẹsẹ̀ náà nínú àwòrán rẹ, tí ènìyàn náà kò sì fara ti nǹkan kan, ó ń ṣubú nìyẹn, ojú ẹni tí ń wò ó yóò sì mọ̀, kódà bí kò bá lè sọ ohun tí ó ń ṣe òun. Ìyá kan tí ó pọn ọmọ ni mo fi kọ́ èyí yé. Àyà rẹ̀ tẹ̀ síwájú láti gba ìwúwo ọmọ tí ó wà lẹ́yìn, mo sì ti ya àyà náà ṣánṣán nítorí pé ọkàn mi ti sọ fún mi pé ènìyàn tí ó dúró kì í tẹ̀.

O tún sọ pé orí máa ń tóbi jù. Ohun mẹ́ta ni mo bá nínú tèmi. Èkíní, àwa tí a dàgbà láàárín ère gbígbẹ́, ojú wa ti mọ orí ńlá. Nínú ọ̀pọ̀ ère Yorùbá, orí a máa tó ìdá mẹ́rin ara tàbí ìdá mẹ́ta pàápàá, agbẹ́gilére kò sì ṣàṣìṣe, ipò tí orí wà nínú ìrònú wa ni ó ń gbẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi orí àgbàlagbà wọn gíga rẹ̀, yóò tó orí méje tàbí méje àbọ̀ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìdajì gíga náà yóò sì bọ́ sí ibi tí itan ti pínyà, tàbí sókè rẹ̀ díẹ̀. Ọmọ ọdún kan ni orí rẹ̀ ń tó ìdá mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbàlagbà tí mo ń yà nígbà náà fi ń dà bí ìkókó tí ó hu irùngbọ̀n.

Èkejì ni bí o ṣe gbé pákó. Bí ó bá tẹ́ sórí itan rẹ, òkè bébà jìnnà sí ojú rẹ ju ìsàlẹ̀ lọ, ó sì ń sún kì nínú ojú rẹ. Ìwọ yóò máa na orí àti àyà láìmọ̀ kí wọ́n lè dọ́gba, ìgbà tí o bá gbé bébà dìde ni àṣírí yóò tú. Gbé pákó náà nàró, kí o lè wo bébà àti ènìyàn láìjẹ́ pé o mi orí ju díẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta kò gba àlàyé: ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kì í rí àyè fún ẹsẹ̀. Fi àmì sí òkè, fi sí ìsàlẹ̀, fi sí àárín, kí o tó ya ohunkóhun.

Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni mo fi ń wọn nǹkan. Na apá rẹ tán pátápátá, di ojú kan, fi orí ìgbálẹ̀ sí àtàrí ẹni náà, kí o sì fi èékánná mú ibi tí àgbọ̀n rẹ̀ dé. Ìwọ̀n yẹn ni wàá fi ka ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìgúnpá rẹ bá tẹ̀ díẹ̀ láàárín àkọ́kọ́ àti ẹ̀kejì, irọ́ ni gbogbo ìwọ̀n náà. Oṣù kan gbáko ni mo fi bá ìgbálẹ̀ jà kí n tó mọ̀ pé ìgúnpá mi ni ó ń tàn mí.

Ọ̀rọ̀ èédú wàyí. Èédú tí a fi ń dáná le, ó ní eèpo àti iyanrìn nínú, yóò sì ha bébà. Èyí tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n ń tà nínú páálí, dúdú dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ parẹ́. Mo fura pé òun ni o ń lò láti ya fọ́tò. Kò dára fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú iṣẹ́ yìí, ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni wàá pa rẹ́. Ẹ̀ka igi tín-ín-rín tí a sun láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án ni o nílò. Ní òkè òkun, igi willow tàbí ẹ̀ka àjàrà ni wọ́n ń sun. Èmi bó ẹ̀ka máńgòrò, mo sá a gbẹ, mo tò ó pinpin sínú agolo mílíìkì, mo dé e, mo fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sí ìdérí, mo sì tì í sínú iná. Èéfín yóò máa gba ihò náà jáde. Bí ó bá ti dá, gbé agolo kúrò, má sì ṣí i títí yóò fi tutù pátápátá. Èmi ṣí tèmi àkọ́kọ́ nígbà tí ó ṣì gbóná, afẹ́fẹ́ wọlé, ohun gbogbo di eérú lójú mi. Mo ti dán igi ẹ̀gẹ́ wò, inú rẹ̀ ṣófo jù, ó ń fọ́. Igi gúáfà sì le jù.

Ẹ̀gbẹ́ èédú ni kí o kọ́kọ́ lò, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀. Ní 1933, Käthe Kollwitz, obìnrin ayàwòrán kan ní Jámánì, fi èédú ya ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń yàwòrán lọ́wọ́. Ó ya ojú, ó ya ọwọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó so wọ́n pọ̀ kò ju ìlà gbooro kan tí ó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ láti èjìká dé ọrùn-ọwọ́, síbẹ̀ a mọ̀ pé apá ni, a sì mọ̀ pé agbára wà nínú rẹ̀. Wá àwòrán náà wò. Lẹ́yìn náà, ya ènìyàn mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan kan, láìsí ojú, láìsí ìka, kìkì ibi tí ìwúwo ń gbà lọ sí ilẹ̀.

Ní ti ohun tí o sọ pé kò sí ẹni tí yóò bọ́ aṣọ fún ọ kí o lè rí ara rẹ̀ yà, má da ara rẹ láàmú. Àwọn tí ń po sìmẹ́ǹtì kì í wọ ẹ̀wù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ bàbá tí ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́. Yan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú kí ó máa ṣe ohun kan náà léraléra, bí afíngbá tàbí aránṣọ, nítorí pé bí ó bá tilẹ̀ mira, yóò padà sí ibi tí ó wà. Níbi tí aṣọ bá sì wà, wá ibi tí aṣọ ti kan ara: èjìká, ìgúnpá, ìbàdí, orúnkún. Láti ibẹ̀ ni gbogbo ìwẹ́ aṣọ ti ń ṣàn. Agbádá kò ní àwòrán tirẹ̀. Èjìká méjì ni ó rọ̀ mọ́.

Nǹkan kan tún wà nínú iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́: o ti fi èédú kún gbogbo ara ẹ̀gbọ́n rẹ nítorí pé ó dúdú. Ara dúdú ń dán ju bí a ṣe rò lọ, dídán yẹn ni ó sì ń sọ fún ojú pé egungun wà níhìn-ín, pé ẹran yípo níbẹ̀. Bí o bá ti lo gbogbo òkùnkùn tán, kò sí ibi tí òjìji yóò gbà mọ́. Ra bébà búráùn tí àwọn télọ̀ fi ń gé aṣọ, jẹ́ kí àwọ̀ bébà náà jẹ́ àwọ̀ ara, fi èédú sí ibi tí ó jìn, kí o sì fi ẹfun ìkọ̀wé kan iwájú orí, èjìká àti ojúgun níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí. Inú búrẹ́dì ni mo fi ń pa á rẹ́, mo máa ń rún un bí òkèlè títí yóò fi lẹ̀ pọ̀. Má lo èyí tí bọ́tà pọ̀ nínú rẹ̀, yóò fi òróró sílẹ̀ lórí bébà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá tún gbà láti dúró, fi ẹfun yí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ká lórí ilẹ̀, kí ó lè padà sí ojú ibi tí ó wà lẹ́yìn ìsinmi. Ìṣẹ́jú 20 ti tó lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì sinmi fún márùn-ún. Jẹ́ kí ó rí ohun tí o yà, bó ti wù kí ó burú tó. Ìyá tí ó pọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, mo tètè ká bébà mi kí ó má baà rí i, ó sì rò pé ohun mìíràn ni mo fẹ́ fi àwòrán òun ṣe. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ni ó ń kọ sí mi. Mo ti ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà o, àti ọmọ tí ó sùn sí i.