Sàréè àwọn olóṣèlú ní Windsor County, Vermont: ẹ wá ìlú, ẹ má wá káúntì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ń bọ̀ ní Vermont, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, lóṣù keje, ẹ sì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n sin àwọn olóṣèlú Windsor County sí, torí pé orúkọ àti ọdún nìkan lẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò jìnnà síbẹ̀, mo sì ti fẹsẹ̀ tẹ èyí tó pọ̀ nínú àwọn itẹ́ òkú yẹn, lójò lẹ́ẹ̀rùn.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé káúntì, ìyẹn agbègbè tó kó ìlú púpọ̀ pọ̀ nínú ìpínlẹ̀. Ní Vermont, akọ̀wé ìlú ló ń tọ́jú ìwé ìbí, ìwé ikú àti ìwé ilẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀. Ọ́fíìsì wọn kéré, òmíràn kì í sì í ṣí lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbé mọ́tò. Àwọn ló máa júwe itẹ́ òkú tí kò ní pátákó fún yín, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù ti máa ń lọ.

Orúkọ ìlú náà ń dani láàmú. Plymouth, Springfield, Hartford: gbogbo wọn ló wà ní Windsor County, gbogbo wọn náà ló sì ní orúkọ kan náà níbòmíràn. Plymouth mìíràn wà ní Massachusetts, Springfield tí wọ́n sin ààrẹ Abraham Lincoln sí wà ní Illinois, Hartford sì ni olú ìlú Connecticut. Ẹ máa fi Vermont kún un nígbà gbogbo. Ìlú Windsor gan-an kọ́ ni olú ìlú Windsor County, Woodstock ni.

Tó bá jẹ́ èmi ni, Plymouth Notch, abúlé kan nínú ìlú Plymouth, ni mo máa kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni Calvin Coolidge wà, ẹni tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1923 sí 1929. Massachusetts ló ti ṣe gómìnà, Northampton ní Massachusetts náà ló kú sí lọ́jọ́ 5 oṣù kìíní 1933, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ 7, wọ́n ti gbé e wálé wá sin sọ́dọ̀ àwọn baba rẹ̀. Ẹni tó bá fi ibi tó ti ṣèjọba wá a kò ní rí i. Ẹ má retí ilé mábù o. Òkúta kan tó mọ níwọ̀n ni, orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú àti èdìdì ààrẹ, ó tán. Sàréè àwọn olówó tí mo mọ̀ nílé ju èyí lọ fíìfíì.

Nítòsí rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ wà, Calvin kékeré, tó kú lọ́mọ ọdún 16 lóṣù keje 1924 nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lórí àléfà. Ó gbá tẹ́níìsì, bàtà bó o lẹ́sẹ̀, egbò yẹn sì ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Pẹnisílíìnì ò tíì sí nígbà náà.

Ẹni táwọn àlejò máa ń rìn kọjá láìmọ̀ ni John Coolidge, bàbá ààrẹ. Olóṣèlú lòun náà, ó ti ṣe aṣòfin Vermont nílé ìgbìmọ̀ méjèèjì. Nígbà tí ìròyìn dé pé ààrẹ Harding ti kú, òun ló búra fún ọmọ rẹ̀ nínú ilé wọn, lóru mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 1923, pẹ̀lú iná àtùpà. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ tó wà lára òkúta dáadáa ṣá, torí John àti Calvin ti pọ̀ jù nínú ẹbí yẹn: John Calvin ni wọ́n sọ bàbá, òun náà ni wọ́n sọ ààrẹ nígbà ìbí. Ọjọ́ 4 oṣù keje ni ọjọ́ ìbí ààrẹ yìí, wọ́n sì máa ń gbé òdòdó lọ sórí sàréè rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ èrò, ẹ yẹra fún ọjọ́ yẹn.

Ní Windsor, ẹ béèrè Ascutney Cemetery. William Evarts wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò tó gba ààrẹ Andrew Johnson sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́ nípò ní 1868. New York ló ti ṣe sẹ́nétọ̀, àmọ́ ilé oko rẹ̀ wà ní Windsor. Ti Woodstock ni Jacob Collamer, sẹ́nétọ̀ tó kú ní 1865, ní River Street Cemetery. Ẹ má wá George Perkins Marsh níbẹ̀ o. Lóòótọ́ Woodstock ni wọ́n bí i sí, ó sì ṣojú Vermont ní Washington, ṣùgbọ́n ikọ̀ Amẹ́ríkà ní Ítálì ló ń ṣe nígbà tó kú ní 1882, Róòmù ló sì wà títí dòní.

Springfield ni mo fẹ́ràn jù. Ralph Flanders, sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ Republican tó gbé àbá kalẹ̀ ní 1954 pé kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà bá Joseph McCarthy wí, ìyẹn sẹ́nétọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tiẹ̀ tó máa ń fẹ̀sùn kan àwọn èèyàn pé kọ́múníìsì ni wọ́n, wà ní Summer Hill Cemetery. Ìbò 67 sí 22 ni wọ́n fi bá a wí lóṣù kejìlá ọdún náà. James Hartness, bàbá ìyàwó Flanders tó ṣe gómìnà Vermont láti 1921 sí 1923, ìlú yìí kan náà ló ti ṣiṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́, ọjọ́ ìsìnkú lè jìnnà sí ọjọ́ ikú. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń dì gbagidi nígbà òtútù, wọ́n á wá tọ́jú òkú sí yàrá òkúta títí ilẹ̀ á fi rọ̀. Oṣù keje tẹ́ ẹ mú yẹn dára, yìnyín ò ní bo òkúta, ẹrẹ̀ oṣù kẹrin náà á ti gbẹ. Eégbọn ló wà nínú koríko, ó sì ń kó àìsàn Lyme ranni. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kẹ́ ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Tó bá bọ́ sí Sátidé, mo lè tẹ̀ lé yín dé Springfield.