Ilé Sí Ẹ̀gbẹ́ Ta Ni, Bí Iṣẹ́ Tọkọtaya Bá Jìnnà Síra?

Ẹ kú wàhálà ilé wíwá o. Ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa: kìlómítà 70 ló wà láàárín ibi iṣẹ́ yín àti ti ọkọ yín, ọmọ kan ti wà nílẹ̀, gbogbo ẹni tí ẹ sì fọ̀rọ̀ lọ̀ ló ní kí ẹ gbé àárín gbùngbùn, kó má bàa sí ẹni tí a rẹ́ jẹ. Èmi ò ní bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣíìfù ni mò ń ṣe, ọ́fíìsì ọkọ mi sì wà ní òdìkejì pátápátá. A ti gbé àárín rí, ká tó kó wá sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ibẹ̀ la wà di òní.

Lórí máàpù, àárín dùn ún wò. Ohun tójú wa rí níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó sún mọ́ ibì kankan nínú wa. Èmi á jáde kílẹ̀ tó mọ́, baba ọmọ á tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Bó bá dalẹ́, àwa méjèèjì á wọlé bí ẹni tí wọ́n lù, kálukú á máa retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ dìde lọ sílé ìdáná. Nígbà kan, ilé ìwé pè pé ara ọmọ ń gbóná. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò lè fi aláìsàn sílẹ̀. Baba rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì lójú ẹsẹ̀, àmọ́ sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ dá a dúró. Ìgbà tó máa fi débẹ̀, gbogbo ọmọ ti lọ. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu géètì, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ọmọ wa sì ti sùn lọ sórí itan rẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà ò tiẹ̀ bínú sí wa. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi yín nìyí: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án, ta ló máa sáré dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ibo ló sì ti máa sáré wá? Ó kéré tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ta wá ni? Ẹ wo iṣẹ́ tí kò gba àwáwí. Bí èmi bá pẹ́, ẹni tí mo fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè lọ sílé, ó sì lè ti wà lórí ìdúró láti àná. Ọ̀gá ọkọ mi ní tiẹ̀ gbà kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọjọ́ méjì péré ló ń lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó ń rin ìṣẹ́jú 90 ní àlọ, 90 ní àbọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́fà ló lò lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń rin ìṣẹ́jú 40 lọ, 40 bọ̀, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó lé ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn jù lọ lè má jẹ́ ẹni tó ń jìyà jù. Àmọ́ kí ẹ tó gbójú lé irú àǹfààní yẹn, kó wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá lè yí padà lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá yí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa kìlómítà tì. Àsìkò ni kí ẹ kà, látìgbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ilé títí dìgbà tí ẹ bá jókòó sídìí iṣẹ́: ìrìn dé ibùdókọ̀, ìdúró, ọkọ̀ tí ẹ máa sọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ òmíràn, wíwá ibi tí ẹ máa gbé mọ́tò sí. Ẹ má sì lọ dán ọ̀nà wò lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀nà ló ń ṣe bí ẹni rere. Àárọ̀ Monday ni kí ẹ lọ, pàápàá tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ sì padà nígbà tí gbogbo ayé ń padà. Ẹ wo ibi tí èrò ń dà sí pẹ̀lú. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń wọ àárín ìlú láàárọ̀, tí ẹ̀yin ń jáde kúrò níbẹ̀, ọ̀nà tó jìn lè yá ju èyí tó sún mọ́ lọ. Tèmi ni pé ọ̀nà tó ń gba 50 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju èyí tó gba 30 lónìí tó di 90 lọ́la, torí ẹni tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ á ṣáà máa jáde bí ẹni pé 90 ni.

Ẹ ó ní kí ló dé tí èmi ò kúkú wáṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi, ṣebí nọ́ọ̀sì ò níbi tí wọn ò ti ń wá a. Mo wá a. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé ni mo kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú wọn, kò sì sí ẹ̀ka náà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà, ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó kó ẹrù: ẹni tí irú iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi gbogbo lè rọrùn láti sún ju ilé lọ.

Ibi tí ìjà ti ń ṣẹ́ yọ rèé: ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn ń san gbèsè kan tí kì í hàn ní báǹkì. Wákàtí kan ní àlọ, wákàtí kan ní àbọ̀, fún ọjọ́ márùn-ún, wákàtí mẹ́wàá ni lọ́sẹ̀ kan. Lọ́dọ̀ wa, inú àpò àjọni ni owó ọkọ̀ ti ń jáde, kí ẹnikẹ́ni tó mú tiẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi bá lọ sí ọ́fíìsì, kì í fọwọ́ kan abọ́, mi ò sì ní bá a sọ̀rọ̀ owó kó tó bọ́ bàtà. Òun náà kì í fi ìrìn rẹ̀ ṣe ìrègún fún mi, torí a jọ fẹnu kò sí i ni.

Onímọ̀ kan ní Yunifásítì Umeå ní Sweden, Erika Sandow, ṣèwádìí lórí èyí tó gbé jáde ní 2011. Ó rí i pé níbi tí ẹnì kan nínú tọkọtaya bá ti ń rin ìṣẹ́jú 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ewu kí wọ́n pínyà fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ju ti àwọn yòókù lọ, àti pé àwọn ọdún àkọ́kọ́ ló le jù. Mi ò fi dẹ́rù bà yín. Ọdún àkọ́kọ́ wa le lóòótọ́. Kí ẹ ti mọ̀ pé ó máa le, kí ẹ má sì ṣe dá ohun ńlá mìíràn sílẹ̀ nínú ọdún náà.

Ní ti yàrá kékeré tí ọkọ yín fẹ́ gbà nítòsí iṣẹ́ kó máa wálé lópin ọ̀sẹ̀, fún kìlómítà 70, èmi ò rí ìdí rẹ̀. Bó bá ju wákàtí méjì lọ ní àlọ nìkan, ẹ tún padà bi mí.

Ilé tí ẹ ní wọ́n ń tà lẹ́dínwó ní àárín yẹn, ẹ má tíì fowó sí i. Ẹ kọ́kọ́ yá ilé gbé fún ọdún kan ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣeé tẹ̀, kí ẹ sì ka àdéhùn náà dáadáa: oṣù mélòó lẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún onílé ṣáájú kí ẹ tó lè kó jáde, kí ni ẹ sì máa pàdánù bí ẹ bá kó jáde kí ọdún tó pé? Bí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín bá yí padà láàárín ọdún náà, ibi tí ẹ máa ti rí ọ̀nà jáde nìyẹn.