Kí ló dé tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà kò fi bá ara wọn mu tí mo bá gé wọn láti inú máàpù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Mo gé ilẹ̀ méjèèjì kí wọ́n lè rí i pé ọ̀kan ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àmọ́ àlàfo tó kù pọ̀. Ṣé ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìgbà náà kò fi gba ọ̀rọ̀ Wegener pé àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì máa ń ṣípò?

ÌDÁHÙN: Etí òkun lẹ gé, ibẹ̀ kọ́ sì ni kọ́ńtínẹ́ǹtì parí sí, omi bo etí rẹ̀ gan-an. Ẹ wá máàpù tó fi jíjìn òkun hàn, kí ẹ gé e níbi tí omi ti jìn tó bíi mítà 900. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Bullard, Everett àti Smith, lò lọ́dún 1965 nígbà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà to ilẹ̀ méjèèjì pọ̀, ní ìpíndọ́gba, àìbáramu tó kù kò sì tó dígírì kan lójú glóòbù. Máàpù pẹlẹbẹ tún máa ń fẹ ilẹ̀ lójú, nítorí náà ẹ lo glóòbù: ẹ fi pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ da Gúúsù Amẹ́ríkà kọ, kí ẹ yí i lọ bá Áfíríkà. Dẹ́lítà Odò Ọya wa á ṣì gun orí Bràsíl. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn: lẹ́yìn ìpínyà ni odò tó kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ síbẹ̀.

Ní ti Wegener, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Jámánì tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní January 1912, agbára tó ń ti ilẹ̀ ni kò rí ṣàlàyé. Ó ní yíyí ayé àti bí òṣùpá àti oòrùn ṣe ń fa ayé ni. Harold Jeffreys, onímọ̀ físíìsì ilẹ̀ ayé, ṣírò rẹ̀: agbára náà kéré jọjọ. Àtakò yẹn tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni pé wọ́n da ẹ̀rí rẹ̀ nù pẹ̀lú rẹ̀. Egungun Mesosaurus, ẹran afàyàfà inú omi tí kò lè la òkun ńlá kọjá, wà nínú àpáta Gúúsù Áfíríkà àti ti Bràsíl. Àwọn alátakò ní afárá ilẹ̀ ló so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀, tó wá rì. Báwo ni yóò ṣe rì, nígbà tí àpáta kọ́ńtínẹ́ǹtì fúyẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ òkun lọ?

Arthur Holmes, onímọ̀ nípa àpáta, ti ń sọ ọ́ kí ọdún 1930 tó pé pé ooru ló ń mú àpáta inú ayé ṣàn díẹ̀díẹ̀, tó sì ń gbé ilẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba ènìyàn ló fetí sí i. Ìsàlẹ̀ òkun ló yí ọkàn wọn padà, nígbà tí àwọn onímọ̀ Vine àti Matthews ṣàlàyé ìlà mágínẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ lọ́dún 1963, ìyẹn àwọn ìlà àpáta tí mágínẹ́ẹ̀tì wọn kọjú síbí, kọjú sọ́hùn-ún, tó fi hàn pé ìsàlẹ̀ òkun ń fẹ̀ sí i.

Tí àwọn ọmọ bá to ilẹ̀ náà tán, ẹ ní kí wọ́n fa ìlà láti ìtòsí Accra wọ Bràsíl. Àpáta ọlọ́dún bílíọ̀nù 2 wà ní apá kan ìlà náà ní Ghana, èyí tó kéré sí i lọ́jọ́ orí wà ní apá kejì. Nígbà tí Hurley, onímọ̀ tó ń ṣírò ọjọ́ orí àpáta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àpáta Bràsíl wò, ìtòsí São Luís ni wọ́n ti bá ààlà kan náà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1967.