Ẹ kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ fóònù kí ẹ tó wá ibi ìpàdé

Àbúrò mi tó ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ní Jos, tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè ṣèpàdé àkọ́kọ́, o kú akitiyan. Ẹ má lo mọ́ṣáláṣí, ẹ má lo ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì lo ilé ẹnikẹ́ni. Kíláàsì létí títì dáa. Ẹ ṣe é ní Sátidé, kí ẹ parí kí ìrun Àìlà tó wọlé. Ẹ̀pà àti ọsàn ni kí ẹ rà. Ẹran á di ọ̀rọ̀ ta ló dúńbú rẹ̀.

Ìyẹn rọrùn. Ọjọ́ tí àhesọ bá jà ni wàhálà. Ní 2010, àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù dá kún ìjà Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ní Jos gan-an. Nítorí náà, tí ẹ bá jẹ́ méjìlá, mẹ́fà láti ìhà kọ̀ọ̀kan, ẹ pín ara yín ní méjì-méjì, kí oníkálukú ní ẹnìkejì ní òdìkejì. Tí ọ̀rọ̀ bá ti dún, pè é, má kọ̀wé. Bi í: níbo gan-an? Ta ló fojú rí i? Aago mélòó? Tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí i, ọ̀rọ̀ náà kú sọ́dọ̀ rẹ nìyẹn, o ò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́. Ẹ máa tọ́jú káàdì igba náírà tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn, torí ojú ẹsẹ̀ ni owó ìpè ń tán lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹ má fi orúkọ ẹnìkejì yín sínú fóònù. Àwọn ọmọkùnrin tó ń dínà máa ń gba fóònù wò, "Fatima" tàbí "Grace" kan ṣoṣo sì lè pani. Ẹ kọ "Aránṣọ". Ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí bébà, kí ẹ rán an mọ́ etí aṣọ, torí bátìrì ń kú. Ẹ má sì sọ fún un láé pé kó sá wá bá yín. Kó wọ ilé tó sún mọ́ ọn jù, kó jókòó síbẹ̀.

Àwọn aláṣẹ á dé pẹ̀lú bánà, wọ́n á máa ka Ìpinnu 1325 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, èyí tó ní kí àwọn obìnrin kópa nínú ọ̀rọ̀ àlàáfíà, wọ́n á ní kí oníhíjáàbù di ọwọ́ alágbélébùú mú fún fọ́tò. Ẹ kọ̀! Fọ́tò yẹn á dé àdúgbò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin á pè é ní ọ̀dàlẹ̀, kò sì sí aláṣẹ kankan tó máa wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn obìnrin Làìbéríà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, tó wọ aṣọ funfun ní Monrovia ní 2003 pé kí ogun dópin, ti ń lọ bá àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó jókòó síta gbangba.

Owó ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju ara wọn lọ, ì báà ṣe pẹ̀lú àádọ́ta náírà. Kí oníkálukú pe ẹnìkejì rẹ̀ tó bá délé. Ẹni tó ń kọ orúkọ kò gbọdọ̀ pa ìwé dé títí ìpè méjèèjìlá á fi wọlé.