Ìlọrin àbí Ìbàdàn: ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí owó yín ti ń wá

Arákùnrin wa tó ń ṣe iṣẹ́ POP, ìyẹn sílíǹgì ológe, n'Íkòròdú, ẹ kú làákàyè. Ẹ ní owó ilé ti ga kọjá agbára yín, pé ìyàwó yín fẹ́ kí ẹ kó wá sí Ìlọrin, ẹ̀yin sì ń wo Ìbàdàn. Ẹ wá béèrè pé kí ni àwọn èèyàn ń rí ní Ìlọrin gan-an tí wọ́n fi ń ya wá síbẹ̀. Mo ti ka èsì àwọn tó ṣáájú mi: ìlú náà tòrò bí omi àfàárọ̀pọn, oúnjẹ pọ̀, kò sí góòsìlóò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo di máṣìnnì ìránṣọ mi sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù láti Múṣin wá síbí lọ́dún 2023, lẹ́yìn tí owó epo fò sókè tí owó dánfó sì tẹ̀ lé e, ojú mi ti rí àwọn tó dé lẹ́yìn mi tí wọ́n ti palẹ̀ ẹrù mọ́ padà s'Ékòó. Oúnjẹ tó pọ̀ ò dá wọn dúró. Iṣẹ́ tí wọ́n mú wá ni kò bá bí owó ṣe ń rìn nílùú yìí mu.

Báwo ni owó ṣe ń rìn níbí? Láti 1967 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni Ìlọrin ti jẹ́ olú ìlú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Yunifásítì Ìlọrin dé ní 1975, poli wà ńbẹ̀, yunifásítì Al-Hikmah dé ní 2005, KWASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara, bẹ̀rẹ̀ ní Màlété ní 2009. Iléeṣẹ́ wà o, a rí àwọn tó ń ṣe irin, a rí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Síbẹ̀, owó tí ẹ máa bá pàdé jù lọ́jà ni owó oṣù, àti owó tí òbí fi ránṣẹ́ sọ́mọ tó ń kàwé. Owó méjèèjì ló ní àsìkò tiwọn. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti kọ́ èyí. Tí oṣù bá ti ń parí lọ títí wọ inú oṣù tuntun, mi ò ní ráyè jẹun. Tó bá di àárín oṣù, ẹni tó bá wọlé, aṣọ tó ti wà nílẹ̀ ló wá wò: "Àǹtí, ẹ jẹ́ n mú un lọ jàre, alert ò tíì wọlé ni."

Ẹ má gbà pé ọ̀kánjúwà ni wọ́n o. Olùkọ́ tó jẹ mí ní gbèsè tó pọ̀ jù lọ́dún àkọ́kọ́, ó san án tán, kọ́bọ̀ ò kù, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, bí owó oṣù bá ṣe ń wọlé. Nínú gbogbo àkókò yẹn, ta ló ń ra òwú? Ta ló ń ra láínì? Ní Múṣin, oníṣòwò ni kọ́sítọ́mà mi, ó tajà lónìí, ó sanwó lónìí. Ẹni tó bá mọ́ owó ojoojúmọ́ lára, tí kò sì ní owó tó lè fi dúró, ọdún àkọ́kọ́ n'Ílọrin á han án léèmọ̀.

Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ àárín oṣù ni wòlímọ̀tù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó lè má mọ bó ṣe rí níbí. Ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe nìkáì, kí ìgbéyàwó tó dé, á jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á ka Kùránì sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé, àwọn ẹgbẹ́ náà á sì da aṣọ kan bora. Aṣọ ọjọ́ yẹn lọ́tọ̀, ti nìkáì lọ́tọ̀, ti màmá ìyàwó lọ́tọ̀. Ìyá kì í fi wòlímọ̀tù ọmọ rẹ̀ dúró de alert, ó ti ń dá èésú sílẹ̀ dè é tipẹ́. Kírísítẹ́nì ni mí, ìjọ mi ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń rán hìjáábù àti jàlámíà bí ẹni tí wọ́n bí sí Òkèléle, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ìlú àáfà ni, pé wọn ò ní rí ààyè, ẹ sinmi. Ẹ kàn mọ̀ pé ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀nà Ọjà Ọba ò ṣeé gbà ní ọ̀sán, àti pé ìlú tí ò l'éégún, tó jẹ́ ẹṣin leégún ilé wọn, tí Iléyá bá dé, gbogbo ilé ló ń rán nǹkan. Mo ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù lásìkò yẹn.

Ní ti ohun tó ń fa èèyàn wá, ọ̀kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi ń yanṣẹ́ lódì káàkiri tí Yunifásítì Ìlọrin ò bá wọn dá sí i, tí àwọn ọmọ ń kàwé wọn lọ geere. Òbí láti ibi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá wá ń fi fọ́ọ̀mù JAMB du ibẹ̀. Ọmọ á dé Tanke, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á gba yàrá, á kàwé jáde, á sìnrú ìlú, á wo owó ilé Èkó lọ́ọ̀ọ́kán, á ní kí lòun ń lọ ṣe ńbẹ̀. Ó fẹ́ ọmọ Ìlọrin, ó bí ọmọ sí Fátè, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àjèjì tí mo mọ̀ ṣe di ará ibí. Àmọ́ nígbà tó di 2022 tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ oṣù mẹ́jọ yẹn wáyé, Ìlọrin náà wà nínú rẹ̀. Ìyá tó fún mi ní ṣọ́ọ̀bù sọ pé àwọn tó ń ta oúnjẹ àti àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní ọ̀nà yunifásítì ti ilẹ̀kùn pa ni, eṣinṣin ni wọ́n ń lé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ṣọ́ọ̀bù ní Tanke, bó ti wù kí èrò rọ́ kẹ̀kẹ̀ níbẹ̀ tó.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tiyín. Ilé ń yọ ní Ìlọrin, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ẹ gba ọ̀nà Eyenkorin, ẹ gba Ganmo, ẹ gba Òkè-Oyì, ilé tuntun lọ bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí ẹ wò wọ́n dáadáa. Èyí tó dé lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì tí koríko ti hù ní pálọ̀, tí ewúrẹ́ ń sùn síbi tó yẹ kó jẹ́ kíṣìnnì, ilé òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó yá owó kọpuréétífù, owó náà gbé e débẹ̀, ó ń san án padà lọ́wọ́ báyìí kó tó lè yá òmíràn. Òrùlé di ìgbà míì. Tó bá wá kan sílíǹgì, kì í ṣe gbogbo wọn ló máa sọ pé POP làwọn fẹ́. Àwọn tó ń kọ́lé wìtìwìtì ni àwọn ọmọ Kwara tó wà l'Ábújá, l'Ékòó àti lókè òkun. Àwọn yẹn sì ti ní oníṣẹ́ tí wọ́n ń pè lórí fóònù, àbúrò ìyàwó ẹnìkan tàbí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ẹnìkan. Ẹ máa wọ àárín wọn o, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dún tí ẹ dé.

Ọ̀gá POP kan wà ládùúgbò wa ní Gáà Akanbi. Ẹ lè máà rí i títí oṣù á fi parí. Abújá ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà níbí. Ó ní iye tóun ì bá fi gba yàrá kan l'Ábújá gba ilé yàrá mẹ́ta fún òun níbí, owó iléèwé ọmọ sì ń ṣẹ́ kù sápò. Owó Abújá ló ń ná n'Ílọrin. Nínú gbogbo ẹni tó wá láti ibòmíràn tí mo mọ̀, òun ni ara rẹ̀ balẹ̀ jù. Ohun kan ṣoṣo tó ń dà á láàmú ni ọ̀nà. Ọ̀nà Òmù-Àrán sí Kàbà tó yá, tó gba Èrúkú kọjá, ó ti pa á tì nítorí ajínigbé. Ẹ ṣáà gbọ́ bí àwọn agbébọn ṣe ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkú ní November 2025, tí wọ́n jí àwọn èèyàn gbé. Jẹ́bbà ló ń gbà báyìí, ó jìn, tírélà sì ti jẹ ọ̀nà náà run. Bàálù ń lọ s'Ábújá láti pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin, ṣé owó oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn?

Ẹni tó ní kí ẹ fo Ìlọrin kọjá lọ sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Poli ìjọba àpapọ̀ wà l'Ọ́fà, yunifásítì Landmark wà ní Òmù-Àrán láti 2011, ilé ò wọ́n. Ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo ni màmá mi, ẹ má rò pé mo kórìíra ìhà gúúsù. Àmọ́ láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ń da àwọn abúlé Ìfẹ́lódùn àti Èkìtì Kwara láàmú, tí wọ́n tún kọlu Òkè-Odè ní 2025, àwọn ará ibẹ̀ gan-an ló ń sá wọ Ìlọrin. Ẹ fi wọ́n kún èrò tí ẹ ní ó ń rọ́ wá. Owó ilé kọ́ ló lé ìwọ̀nyẹn.

Èmi ńkọ́, kí ló dá mi dúró? Kọ́sítọ́mà Èkó ni. Mi ò jẹ́ kí okùn wọn já. Wọ́n á fi léèsì ránṣẹ́, wọ́n á fi ìwọ̀n ara wọn sórí WhatsApp, màá rán an níbí, màá di í sínú Ghana-must-go, màá fi máákà kọ nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sára àpò náà gàdàgbà, màá fún dírẹ́bà ní owó wéébíìlì. Owó iṣẹ́ Èkó, owó ṣọ́ọ̀bù Ìlọrin. Tó bá jẹ́ aṣọ òde Sátidé, kò gbọ́dọ̀ kọjá Wẹ́sìdeè kí n tó gbé e dé gáréèjì, nítorí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ò ṣeé fọkàn tán. Tírélà kan á dábùú ọ̀nà, ìyá ìyàwó á máa pè mí bí ẹni pé èmi ni mo wà á.

POP ò ṣe é fi wéébíìlì ránṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ gun àkàbà. Tó bá jẹ́ pé Ìkòròdú àti Lẹ́kí ni àwọn tó ń pè yín sí iṣẹ́ ṣì wà, Ìbàdàn ni kí ẹ lọ. Ó súnmọ́, ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ láti Èkó síbẹ̀ láti 2021, àwọn oníṣòwò Èkó fúnra wọn sì ń kọ́lé síbẹ̀. Owó ilé ibẹ̀ ti ń gòkè o, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìwó Road náà á sì rán yín létí ilé, àmọ́ iṣẹ́ á wà lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní ọ̀nà Abújá, ẹ ṣe bíi ti ọ̀gá Gáà Akanbi.

Tó bá jẹ́ Ìlọrin lẹ mú, ìwọ̀nba ohun tí mo máa kì yín nílọ̀ rẹ̀ nìyí. Ẹ béèrè omi kí ẹ tó béèrè iná. Oṣù kẹta ni kí ẹ wá wo ilé, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú kànga. Kànga tó bá lómi nígbà yẹn, ó lómi. Ní ti iná, ẹ bi àwọn ará ilé bóyá Band A ni àdúgbò wọn, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù tó sì wọ́n jù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní April 2024, náírà 225 ni wọ́n gbé yúníìtì kan sí. Iná wà l'ádùúgbò mi, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo padà sí, máṣìnnì nìkan ni mo fi iná ìjọba ṣe.

Ẹ má yára ra ilẹ̀. Tí ẹ bá máa rà á, kì í ṣe èjẹ́ǹtì lẹ máa bá ṣàdéhùn, Mágàjí, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ ni, kí Aláńgùá, olórí àdúgbò náà, mọ̀ sí i, kí ẹ sì gbé sọ́féè lọ sí KW-GIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Kwara, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọmọ onílẹ̀ ibí ò rorò tó ti Ìkòròdú, àmọ́ ẹbí tó ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì wà níbi gbogbo.

Ẹ ò sọ iṣẹ́ tí ìyàwó yín ń ṣe, òun sì ló fẹ́ wá. Bó bá jẹ́ olùkọ́ ni, àwọn iléèwé aládàáni pọ̀ ní Tanke àti Fátè, owó wọn ò tó nǹkan ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ló ń tà, kí ó yà sí ọjà Ìpàtà kó wo iye ata àti ẹran, kó wo bí àwọn Fúlàní obìnrin ṣe ń gbé wàrà wọlé nínú igbá láàárọ̀, á mọ ohun tóun lè jèrè lórí àwo kan. Ẹ kọ iṣẹ́ rẹ̀ síbí, màá sọ àdúgbò tó yẹ kí ẹ ti máa wá ilé.